Ẹ yẹ páwá páàkì wò kí ẹ tó ra káàdì gíráfíìsì fún kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n á ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú kọ̀ǹpútà, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti tán ni? Kò tán o. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi nínú ilé wa ní Màhìntẹ̀dó kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe odò tí gbogbo wa ní Ìlàjẹ ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ wa. Kọ̀ǹpútà ni. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ló wà tí ọmọ wọn ń bẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ pé kí wọ́n fún òun lówó, òun fẹ́ẹ́ fi kún agbára kọ̀ǹpútà òun. Kí ẹ tó yọ owó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní iléèwé gíga. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà nílé wa, tòkunbọ̀ ni, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. A ń fi tẹ lẹ́tà, èmi náà ń fi kọ irú ohun tí ẹ ń kà yìí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọmọ náà dé ibi tí wọ́n ti ń ya ilé bíi pé èèyàn ń rìn kiri nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà kò lè gbé e mọ́. Tó bá ti ní kóun yí ilé náà padà kóun lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Ó wá bá mi, ó ní, "Màmá, káàdì gíráfíìsì ni kò sí nínú rẹ̀."

Owó àjọ oṣù mẹ́fà ni mo kó lé e lọ́wọ́. Ó ra káàdì ńlá kan wálé, wọ́n fi sí i. Bí iṣẹ́ bá ti le díẹ̀, kọ̀ǹpútà á kú pii. Wọ́n ní páwá páàkì rẹ̀ ló kéré. Ó tún lọ ra òmíràn, tuntun nínú páálí, wọ́n kọ 500 wáàtì sí i lára gàdàgbà. Owó rẹ̀ kò sì wọ́n, inú wa dùn. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni ayọ̀ yẹn fi pẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ níta, ìyá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń tòògbé lórí àga nínú yàrá kan náà, ọmọ mi wà nílé ìwẹ̀. Mo gbọ́ òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó. Kí n tó dìde, èéfín ti ń jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà sáré wọlé, omi ń kán lára rẹ̀, ó na ọwọ́ tútù láti fa wáyà yọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi igbe ta. Ó dúró. Mo sáré jáde, mo pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó fọwọ́ kan ohunkóhun, tí a sì gbé ìyá mi jáde síta kó lè gba afẹ́fẹ́.

Kò sẹ́ni tó kú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n páwá páàkì náà jó, ó sì mú pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà dání lọ, ó mú ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí náà lọ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin tí ọmọ mi ti yà fún iléèwé rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ àlàyé ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì ogójì sẹ́yìn ọkọ̀ ọmọdé, ẹ tún ń bi mí pé kí ló dé tó fi rì." Gbogbo ẹni tó bá mọ ojú omi wa níhìn-ín mọ ohun tó ń sọ. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára kì í ṣe ohun burúkú, àmọ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ni káàdì yìí, kí sì ni páwá páàkì?

Káàdì gíráfíìsì ni pátákó kékeré tó ń ya gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, díẹ̀ ni agbára rẹ̀, kò ju kí ó fi lẹ́tà àti fíìmù hàn lọ. Ẹni tó bá ń ya ilé, tó ń gé fíìmù pọ̀, tàbí tó ń ta géèmù ńlá ló máa ń fẹ́ káàdì ọ̀tọ̀, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò gígùn kan nínú àpótí náà. PCI Express ni orúkọ ihò yẹn, ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú kọ̀ǹpútà. Tí ti yín bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má náwó lé e lórí rárá.

Páwá páàkì ni àpótí irin kékeré tí wáyà iná ń wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, òun ni fáànù rẹ̀ máa ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná síta. Iná 230 fóòtì tó wá láti ara ògiri, òun ló ń sọ ọ́ di fóòtì 12, fóòtì 5 àti fóòtì 3.3 tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà lè lò. Èmi nọ́ọ̀sì, ọkàn ni mo ń pè é. Ọkàn ló ń fún gbogbo ara ní ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé e lórí kẹ́ ẹ ní kó gun òkè, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà wa ṣe ń kú pii nígbà tí iṣẹ́ bá le.

Ṣé ọmọ yín nílò rẹ̀ lóòótọ́?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, òun ló sì ń gba owó là jù. Tó bá jẹ́ lẹ́tà, ìdánwò JAMB tí ọmọ fẹ́ẹ́ fi dánra wò, fíìmù, tàbí kí ìyá àgbà máa rí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sójú nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, káàdì gíráfíìsì kọ́ ló kù. Kọ̀ǹpútà tó ń lọ́ra láti ṣí, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè nípa méjì yìí: RAM, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, àti SSD, ibi ìkópamọ́ irú tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Owó wọn kéré, iná tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan, ẹ kò sì ní pààrọ̀ páwá páàkì nítorí wọn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ló ti tipa wọn jí dìde.

Tó bá sì jẹ́ láápútọ́ọ̀pù ni ọmọ yín ń lò, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án, nítorí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, káàdì gíráfíìsì kò ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó bá ní òun á bá yín pààrọ̀ rẹ̀, ẹ bi í dáadáa kí ẹ tó yọ owó.

Ìṣirò tí ìyá ọlọ́jà lè ṣe

Wáàtì ni wọ́n fi ń ka bí ohun èlò ṣe ń jẹ iná sí. Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é.

Ká ní kọ̀ǹpútà yín ní Core i5-2400, irú èyí tó jáde lọ́dún 2011 tó sì pọ̀ nínú tòkunbọ̀ ọ́fíìsì. Tí ọpọlọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ó lè jẹ 95 wáàtì. Ẹ fún pátákó ńlá, fáànù àti ibi ìkópamọ́ ní 50. Àròpọ̀ rẹ̀ di 145. Ẹ wá fi ti káàdì kún un.

Ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lè fún un ní iná tí kò ju 75 wáàtì lọ, àwọn àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan kò tilẹ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀. Àwọn káàdì kan wà tí èyí tó wọn: GT 1030 tó jáde lọ́dún 2017 ń jẹ nǹkan bí 30, GTX 750 Ti ti ọdún 2014 ń jẹ 60, GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 ń jẹ 75. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn kì í béèrè wáyà mìíràn. Àwọn tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ máa ń ní ẹnu kan létí wọn tí wáyà láti inú páwá páàkì gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹnu tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà ń mú 75 wáàtì sí i wá, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ ń mú 150 wá. GTX 1060 tó jáde lọ́dún 2016 ń jẹ 120.

Tí ẹ bá fi káàdì 75 kún 145, ó di 220. Ẹ má ṣe ra páwá páàkì 220 o. Ẹ fi bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ lé e, kó má baà máa mí hẹlẹ: ó di nǹkan bí 300. Tó bá jẹ́ káàdì 120 ni, 265 ni àròpọ̀, tí ẹ bá fi ìdá mẹ́ta lé e, ó ti kọjá 350, ilé iṣẹ́ NVIDIA fúnra wọn sì ní kí ẹni tó fẹ́ẹ́ lò ó ní 400. Ẹ wá yí àpótí yín padà kí ẹ wo ohun tó wà lára páwá páàkì rẹ̀. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì irú ọjọ́ yẹn kò ju 240 sí 300 lọ. Káàdì tí ọmọ mi rà ń jẹ 120, 265 sì ni páwá páàkì ilé wa. Ẹ rí i pé ìṣirò ìṣẹ́jú márùn-ún ni a kò ṣe.

Iná tí ẹ ní nílé ńkọ́?

Àwa tá à ń gbé létí òkun yìí, a kì í ṣírò iná bí ará Èkó. Ayétòrò tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1947 ti ń dá iná tirẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní. Ṣùgbọ́n ní ayé tiwa yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Òǹdó fi wà láìrí iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀, bátìrì àti sólà la fi ń gbé ayé. Nítorí náà, wáàtì tí ẹ fi kún kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin náà lẹ máa ra epo rẹ̀.

Ẹ wo bátìrì 12 fóòtì tí wọ́n kọ 100Ah sí lára, èyí tó ń lo omi ásíìdì. Wáàtì 1,200 fún wákàtí kan ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì lọ tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 600. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 100 wáàtì á lò ó fún bíi wákàtí márùn-ún. Ẹ fi káàdì ńlá sí i kó di 250, wákàtí méjì ni, ilé ti ṣú. Tí oògùn ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá wà nínú fíríìjì lórí bátìrì kan náà, ọ̀rọ̀ ti di ti ìlera nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà kì í pín iná ní déédéé. Bí fíríìjì bá ti wọlé, iná á rẹlẹ̀; bí wọ́n bá pa á, iná á fò sókè. Ẹ fi sítábiláísà tàbí UPS sí àárín, ẹ má sì jẹ́ kí epo tán mọ́ kọ̀ǹpútà lórí.

Bí a ṣe ń mọ páwá páàkì tó dára

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, a gbé òkú kọ̀ǹpútà wa lọ bá bàbá kan tó ń tún un ṣe ní Ìgbókòdá. Ó gbé páwá páàkì tuntun tó jó náà lé mi lọ́wọ́ kan, ó gbé ògbólógbòó kan lé mi lọ́wọ́ kejì. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èwo ló wúwo?" Ògbólógbòó tí wọ́n kọ 300 sí lára wúwo ju tuntun tí wọ́n kọ 500 sí lára lọ dáadáa. Ó ní ohun tó yẹ kó wà nínú tuntun náà, wọn ò fi síbẹ̀. Ohun tó kọ́ mi lọ́jọ́ náà nìyí:

Èkíní, ẹ má ṣe ka nọ́ńbà ńlá tó wà lójú páálí nìkan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 12V sí, kí ẹ wo iye A tó wà níbẹ̀. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ 16A, 192 wáàtì ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti káàdì, ojú ọ̀nà fóòtì 12 yìí ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun jù. Tí wọ́n bá kọ 500 gàdàgbà, tí ti 12V kò sì tó 200, irọ́ ni.

Èkejì, ẹ gbé e wò. Èyí tó fẹ́lẹ́ bíi páálí ìpara, ẹ dá a padà.

Ẹ̀kẹta, tí káàdì bá béèrè ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹnu náà ti ara páwá páàkì jáde wá fúnra rẹ̀. Ti ọmọ mi, wáyà ìsopọ̀ kan ni wọ́n fún un, tí wọ́n fi so ó mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó máa fún ibi ìkópamọ́ níná. Wáyà yẹn ló kọ́kọ́ yọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ máa rí bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà kò tó tiwa. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti ibẹ̀ wá lè wà lórí 115. Tí ẹ bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, gbòlà ni ẹ máa gbọ́. Kó wà lórí 230 kí ẹ tó tàn án. Àwọn kan kò ní bọ́tìnnì yìí, wọ́n máa ń mọ iye iná fúnra wọn. Ara wọn ni wọ́n ti máa kọ 100-240 sí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà dání lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ Dell àti HP ti ọ́fíìsì ló jẹ́ pé ẹnu wáyà wọn tàbí bí àpótí wọn ṣe rí kò bá ti gbogbo ayé mu. Àwọn Dell kan wà ní ìparí àwọn ọdún 1990 tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to wáyà rẹ̀ yàtọ̀, ẹni tó bá ki páwá páàkì mìíràn bọ̀ ọ́ á jó pátákó ńlá rẹ̀.

Tòkunbọ̀ kò burú, àmọ́ ẹ dán an wò

Ọ̀pọ̀ wa kò lè ra tuntun, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ládùúgbò Otigba, Pepple àti Ọlá Ayéní, àwọn ọmọ wa tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jí òkú kọ̀ǹpútà dìde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí ọjà náà ti ń wá. Lọ́dún 2005, àjọ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, wá ṣe ìwádìí ní Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ohun èlò tòkunbọ̀ ló ń wọ èbúté Èkó lóṣooṣù nígbà náà. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà níbẹ̀ sì sọ fún wọn pé ó lè tó mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Lọ́dún 2011, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, àjọ NESREA ló sì wà fún mímú un ṣẹ. Síbẹ̀, ojú yín ni òfin àkọ́kọ́.

Kí wọ́n tàn án níwájú yín, kí wọ́n fún un níṣẹ́ tó le fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó sanwó. Ẹ fimú gbọ́ òórùn rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé létí òkun bíi tiwa, ẹ mọ̀ pé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin. Tí ẹ bá rí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewéko lára ẹsẹ̀ káàdì, ẹ fi í sílẹ̀. Nílé, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà síbi fèrèsé tó kọjú sí òkun.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ẹ́ ṣí i

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gé pa mọ́.

Kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri pátápátá, kí wọ́n wá tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù lè jáde. Ọwọ́ gbígbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ, bàtà lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ kan irin àpótí náà kí wọ́n tó mú káàdì, nítorí iná kékeré ara èèyàn lè ba káàdì jẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí páwá páàkì fúnra rẹ̀ o. Iná tó wà nínú rẹ̀ lè tó nǹkan bí 325 fóòtì, ó sì lè wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Ó lè dá ọkàn dúró. Tó bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lódindi.

Tí iná bá gbé èèyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa jẹnẹrétọ̀ tàbí ibi tí iná ti ń wá. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi igi gbígbẹ tàbí ohun oníke tì í kúrò. Lẹ́yìn náà, tí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó le, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, kó tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Tó bá sì dìde tó ní kò sóhun tó ṣe òun, ẹ ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí ọkàn lè máa lù ségesège lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ibi tó bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa jẹnẹrétọ̀: èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn. Kó jìnnà sílé tó mítà mẹ́fà, kó má kọjú sí fèrèsé. Ilé orí òpó wa kì í sábà láyè púpọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀. Ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tó ń bì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e síta sínú afẹ́fẹ́ kíá, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa kò lè wò ó.

Àlòkù ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tó jáde kí òfin Yúróòpù tó dé ní oṣù keje ọdún 2006, òjé sábà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi jó wáyà rẹ̀ pọ̀. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má sun ún, ẹ má jù ú sódò tí a ti ń pẹja jẹ. Ẹ dá a padà fún àwọn tó ń tún un ṣe, wọ́n á yọ ohun tó wúlò lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa parí sí

Bàbá Ìgbókòdá kò ta nǹkan ńlá fún wa. Ó wá pátákó mìíràn, ó fi páwá páàkì 300 ògbólógbòó tó wúwo yẹn sí i, ó sì gba káàdì ńlá lọ́wọ́ wa, ó fún wa ní èyí tó ń jẹ 75 tí kò béèrè wáyà kankan. Ọmọ mi kọ́kọ́ ń fajú ro, ó ní ó rẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ya ilé, ilé náà yí padà, kò dúró, kò sì kú. Àwòrán oṣù mẹ́rin yẹn, ó tún un yà látìbẹ̀rẹ̀, ó sì pàdánù àyè tó yẹ kó fi sinmi. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń da iṣẹ́ rẹ̀ sínú fláàṣì, ó sì ń gbé e fún ìyá àgbà kó bá òun fi pamọ́ sínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá béèrè owó káàdì, ẹ má kọ̀ fún un, ẹ má sì kàn yọ owó. Ẹ ní kó kọ ìṣirò rẹ̀ wá: kí ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń jẹ, kí ni káàdì ń jẹ, mélòó ló wà níbi 12V, ta ni yóò fi sí i. Ọmọ tó bá mọ ọ́n á kọ ọ́ lọ́wọ́ kan. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ jókòó tì í. Bírò lásán ni yóò gbà yín, a ò sì ní gbé ọmọ kankan wá bá wa nílé ìwòsàn nítorí rẹ̀.

Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tọ́jú ara yín.